Ojú Aago Tí Oòrùn Kùmásí Kùn

Kò sí aago nínú ilé mi. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ aláago ni kò mọ iye tí aago lù, èmi náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ láàárín oúnjẹ. Fóònù wà, ládàánì wà, ebi sì wà nínú ikùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ ibi tí ọjọ́ dé fún mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan báyìí, ọmọ àbúrò mi kan tí ó ti òkè òkun dé na fóònù rẹ̀ sí mi. Aago ọwọ́ àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀, aago Súwísì, ojú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ara rẹ̀ ti ha. Ó ní, “Mọ̀mí, ẹ wo nǹkan. Àwọn olówó ibẹ̀ ń du irú èyí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bó ṣe gbó tó ló ṣe ń wọ́n tó.” Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un, mo ní kí ó jẹun kí ó tó tutù. Ó rò pé òun ni inú ń bí mi sí. Inú ń bí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Ọdún tí mo ń sọ yìí, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ebi ńlá tí ó mú ní Ghana ti kọjá, àwọn ènìyàn ti tún ń ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Agbo ilé kan ní Moshie Zongo, ní Kùmásí, ni à ń gbé, àwa ará Ìlọrin pẹ̀lú àwọn Mọ́sí àti àwọn Gàǹbàrí, yàrá kọjú sí yàrá, táǹkì omi ńlá kan wà láàárín àgbàlá. Kí ládàánì tó pe ìpè àkọ́kọ́, ìyá mi ti da ewé ọkà bàbà sínú omi tí yóò fi se wààkyé tí ó ń tà. Ewé náà ló ń sọ ìrẹsì àti ẹ̀wà di pupa, òórùn rẹ̀ ló sì ń jí mi. Lẹ́yìn náà ni ìró ìgbálẹ̀, ìkọ́ àwọn àgbà, igbe ọmọ tí wọ́n ń fi tipátipá wẹ̀. Ohun tí yàrá tiwa fi yàtọ̀ ni aago. Bàbá mi ń tún aago ṣe, àwọn aago ògiri tí ó bá ń dán wò ni ó ń gbé wálé, kò sì sí èyí tí ó bá èkejì mu. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá tó, ọ̀kan á lù tán, òmíràn á bẹ̀rẹ̀, títí tí a ó fi kírun ọ̀sán tán. Ìyá Àgbà, ìyá tí ó bí bàbá mi, a ní, “Ilé aláago, ibẹ̀ lèèyàn kì í ti í mọ iye tó lù.” Bó bá sọ ọ́ tán, á pè mí pé kí n gbé búta òun wá. Èmi ni mo ń bu omi àlùwàlá fún un, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló yàn mí láàárín gbogbo ọmọ ilé, ó ní ọwọ́ mi kò kánjú, mo sì ń fi èyí yangàn débi pé àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ máa lù mí.

Bàbá mi kò lọ sílé ìwé òyìnbó, ilé kéwú ló lọ. Ọjà Race Course ni ó ń jókòó sí, nínú àpótí onígíláàsì kékeré kan, awò lójú ọ̀tún, ẹ̀mú lọ́wọ́. Mai Agogo, ìyẹn aláago, ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan àwọn Ashanti tí kò gbọ́ Hausa. Bí mo bá gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un, á ní kí n dúró kó abọ́ padà, ẹnu kíkó abọ́ yìí ni ó ti ń kọ́ mi ní ìtàn. Ó ní àwọn àgbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ aago ní Súwísì. Bí òtútù bá dé tí yìnyín bo oko, wọn á jókòó sídìí fèrèsé, wọn á máa gé irin wínníwínní títí ilẹ̀ yóò fi yọ́. Ìdí nìyẹn tí aago wọn fi ní sùúrù. Àwọn òyìnbó kòkó àti àwọn òyìnbó rélùwéè ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ wá sí Kùmásí, àwọn ọmọ ogun tí ó ti ojú ogun Bọ́mà dé sì mú díẹ̀ wá. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí ó bá wọ aago Súwísì lọ síbi òkú, wọ́n á fún un ní àga. Àfi ìgbà tí àwọn ará Jàpáàn gbé aago oníbátìrì dé, tí a kì í ká, tí a kì í tún ṣe, tí ó jẹ́ pé bó bá kú o sọ ọ́ nù. Bàbá ní pé ní Súwísì gan-an, ilé iṣẹ́ ń kógbá sílé, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fún ogójì ọdún di ẹni tí ń wá iṣẹ́ ọlọ́dẹ. Mo rí èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Race Course fúnra mi. Àwọn ọmọkùnrin a gbé aago bàbá wọn wá, wọ́n á ní kí Bàbá gbà á kí ó fún àwọn ní oníbátìrì tí nọ́ńbà rẹ̀ ń tàn. “Wallahi,” Bàbá á ní, “ẹ ń fi màlúù gba adìyẹ.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gba adìyẹ wọn lọ.

Ohun tí ó fi ń rí jẹ náà ni pé ó mọ bí a ṣe ń sọ aago àtijọ́ di tuntun. Ní Kùmásí, ohun tí kò bá dán, òkú ni. Bí ojú aago bá ti ṣì, á yọ ojú náà, á gbé e lọ fún Kwabena, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń kọ ọ̀rọ̀ sára lọ́rì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúró débi pé ó lè kọ àyọkà sára ìka ẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Kwabena á kùn ún, á kọ nọ́ńbà sí i. Bàbá fúnra rẹ̀ á fi oògùn tí wọ́n fi ń dán bàbà dán ara rẹ̀ títí tí o ó fi rí eyín rẹ nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ti Òbúàsì wá bá a. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé iṣẹ́ yìí kò dára.

Aago kan ṣoṣo wà tí kò fọwọ́ kàn rí, èyíinì ni aago Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà ṣòwò obì káàkiri àwọn abúlé kòkó nígbà ayé rẹ̀. Ibà dá òyìnbó kan tí ń ra kòkó wó ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà, gbogbo ènìyàn sá fún un, Bàbá Àgbà ló jókòó tì í, tó ń fún un lómi, tó sì gbé e wọ lọ́rì. Ọjọ́ tí òyìnbó náà ń lọ sílé rẹ̀ pátápátá, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ Bàbá Àgbà lọ́rùn ọwọ́. Ojú rẹ̀ dúdú nígbà náà. Bàbá Àgbà wọ̀ ọ́ fún bí ọgbọ̀n ọdún nínú oòrùn, àfi ìgbà tí ó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá ni ó ń bọ́ ọ, oòrùn sì ń wọ inú gíláàsì, ó ń jẹ dúdú náà díẹ̀díẹ̀ títí tí ó fi di àwọ̀ kòkó tí wọ́n sá gbẹ. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tó bí mi, Ìyá Àgbà fi awọ wé aago náà, ó rì í sínú ìkòkò òrí. Sójà kan ní ibodè ki ìka bọ òrí náà, ó fi pa ìgúnpá rẹ̀ tó gbẹ, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ìlọrin ni Bàbá Àgbà kú sí. Nígbà tí àwọn alfa ń pín ogún rẹ̀, àwọn ọmọ fi ohùn kan sọ pé kí ìyá wọn mú aago náà. Bí wọ́n ṣe rọra padà wá sí Kùmásí nìyẹn, aago ń bẹ nínú àpò aṣọ Ìyá Àgbà, kò sì sẹ́ni tó ń ká a.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà ń fẹ́ láyé, kí ó fi ojú rẹ̀ kan Mẹ́kà kí ó tó kú. Nínú agbo ilé wa, ìyá àgbà mẹ́ta ló ti lọ, Àlhájà ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n sì ń jókòó sórí ẹní kan náà lọ́sàn-án. Ìyá Àgbà a jókòó sí etí ẹní yẹn. Kò sí ẹni tí ó lé e kúrò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gbóná, bí omi ibẹ̀ ṣe dùn, òun á dìde, á ní òun fẹ́ lọ wo ìkòkò tí kò sí lórí iná. Àwọn ènìyàn a máa wo bàbá mi bó bá ń kọjá. Ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ Ìlọrin, tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò tíì gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, kò sí bí ó ṣe lè kí sálámà tí ohùn rẹ̀ kò ní kéré díẹ̀.

Òyìnbó dé nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń wá aago Súwísì àtijọ́. Àwọn ará tiwọn ti jí lójú oorun, wọ́n ti rí i pé ohun tí wọ́n sọ nù nítorí bátìrì kò ní í wá mọ́, wọ́n wá ń kó o jọ. Ó dúró níwájú àpótí Bàbá, ó wo gbogbo aago tí Bàbá ti sọ di tuntun, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí ń ti ọkà tó ní kòkòrò. Mo wà níbẹ̀. Mo rí ojú bàbá mi. Bàbá tún ẹ̀mú rẹ̀ gbé kalẹ̀ dáadáa, ó wá ní kí n sọ fún un pé ọ̀kan wà nílé. Èmi ni mo ń gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ wa sì ti yìn mí lójú kíláàsì, nítorí náà èmi ni mo jókòó láàárín wọn nínú tákísì tó gbé wa dé Moshie Zongo, mo ń wú bí ẹni tí ó jẹ ìgbákejì ọba.

Gbogbo agbo ilé ló pé. Ìyá Àgbà tú aago náà láti inú aṣọ mẹ́ta. Nígbà tí òyìnbó rí ojú rẹ̀, ó gbà á wéréwéré. Ó bọ́ sí gbangba, ó yí i sí oòrùn, ó ń sọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣí i rí, mo bi Bàbá, Bàbá ní rárá. Ó wo nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Iye tí ó wá pè, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́ kí wọ́n tó gbà mí gbọ́. Ó tó gbé Ìyá Àgbà dé Mẹ́kà, kí ó sì gbé e padà, kí ó sì ra ìbòrí fún gbogbo obìnrin ilé. Ó ní òun ń lọ sí Àkàrá, olú ìlú Ghana, lọ ṣètò owó náà, òun yóò padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí bàbá mi. Ó na ìka sí i láàárín ojú, ìka òsì, nítorí aago wà ní ọ̀tún rẹ̀, ó sì ń jù ú bí ẹni ń bá ọmọ tó jalè wí. Ó ní kí n sọ fún un pé kí ó má fọwọ́ kàn án. Kí ó má ṣí i, kí ó má fọ̀ ọ́, kí ó má dán an, òun ti rí irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́jà. Ní ilé wa, bí o bá fi òsì gba búrẹ́dì lọ́wọ́ àgbà, wọ́n á gbá ọ létí. Àwọn Ashanti pàápàá, wọ́n á tọrọ gáfárà kí wọ́n tó fi òsì júwe ọ̀nà. Bàbá mi rèé, ẹni ogójì ọdún ó lé, níwájú ìyá rẹ̀, níwájú àwọn Àlhájà mẹ́ta. Ẹnu wo ni èmi Mùnírátù yóò fi wí fún un pé wọ́n ní kí ó má fọwọ́ kan aago bàbá rẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára?

Bàbá bi mí pé, “Kí ló wí?”

Mo ní, “Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

“Gbogbo ariwo yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Mo rò pé mo ti bo bàbá mi láṣọ. Mo sì ń rò ó nísinsìnyí, lẹ́yìn tí mo ti tọ́ ọmọ tèmi, pé ibi tí wọ́n ti kọ́ ọmọ láti máa bo àgbà, ó yẹ kí wọ́n kọ́ àgbà náà láti máa bi ọmọ lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń pe Ìyá Àgbà ní Àlhájà, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mi rán aṣọ funfun fún un. Ọ̀kan nínú àwọn Àlhájà wá kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń yí ilé Ọlọ́run ká, ó ní ẹ̀ẹ̀meje ni, pé èrò pọ̀ níbẹ̀, kí ó má bàa sọnù. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fi táǹkì omi ilé wa ṣe ìdánrawò. Ní òwúrọ̀, bí mo bá ti bu omi fún un tó kírun tán, á di ọwọ́ mi mú, a ó yí táǹkì náà ká lẹ́ẹ̀meje, òun ń ka “Làbáíkà”, èmi ń kà á tẹ̀ lé e, àwọn adìyẹ ń sá fún wa. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Bí a bá dé ìkẹrin, á dúró, á mí, á ní, “Mùní, orúkọ rẹ ni n óò kọ́kọ́ dá níbẹ̀.” Mo ti darúgbó díẹ̀ báyìí, kò sí ẹni tí ó tún ṣèlérí fún mi tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá náà ń palẹ̀ tirẹ̀ mọ́. Ó tọrọ aago náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní a kì í gbé ohun ìdọ̀tí fún àlejò, pé ẹni tó ń bọ̀ wá ra ẹṣin, a máa ń wẹ ẹṣin dè é. Gbogbo ilé ní òótọ́ ni. Ó ń ti Race Course dé lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, á tẹ́ aṣọ funfun sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á tú aago náà palẹ̀, á fi kẹrosíìnì fọ ẹ̀rọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò rí i kí ó fara balẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ kankan rí, ó tilẹ̀ ń kọrin kéwú lábẹ́ ohùn. Ó dán ara rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ó yọ ọwọ́ aago tí ó ti pọ́n, ó fi tuntun tó ń kọ mànà sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú rẹ̀ lọ fún Kwabena, Kwabena kùn ún ní dúdú dídán, ó kọ nọ́ńbà funfun sí i, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e wá sílé. “Mai Agogo, hwɛ! Ɛyɛ fɛ paa!” Ó ní kí Bàbá wò ó, pé ó rẹwà gan-an. Ó rẹwà lóòótọ́. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹwà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ bàbá mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Lẹ́ẹ̀kínní, ó ní kí n kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ òun. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé awò rẹ̀ sí mi lójú, ó ní kí n wo bí irin ṣe ń mí, ó sì gbé ọwọ́ lé mi lórí. Kì í gbé ọwọ́ lé wa lórí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Òyìnbó kò yẹ àdéhùn. Ìyá Àgbà ti wọ aṣọ funfun láti òwúrọ̀. Ìyá mi bu wààkyé fún àlejò, kò jẹ, ó ń wá aago. Bàbá fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un nínú áńkáṣíìfù. Òyìnbó wò ó, ó wò mí, ó ní èyí kọ́, èyí tí òun rí dà? Mo ní òun náà ni. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wo nọ́ńbà, ó gbé awò sójú, ó gbé e kúrò, ó sì fi aago náà lé orí àga. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, èmi náà ni wọ́n ń wò pé kí n túmọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Mo ní, “Ó ní dúdú tí oòrùn ibí sọ di àwọ̀ kòkó yẹn, kò sí méjì irú rẹ̀. Ó ní dúdú pọ̀ níta, ibi tó fẹ́ ni ó ti lè rí i. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni oòrùn fi kùn ún, a sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pa á rẹ́. Ó ní etí ara rẹ̀ mú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dà bí ọṣẹ tí wọ́n fi wẹ̀. Ó ní aago náà ti kú.” Òyìnbó ṣì ń sọ̀rọ̀, ó sì ń na ìka sí mi.

Ìyá Àgbà ní, “Kí ló ń sọ sí ọ?”

Mo ní, “Ó ní òun sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun ní kí n sọ fún Bàbá pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.”

Ìyá Àgbà bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní, “O sì dákẹ́?” Mo wo bàbá mi. Ilẹ̀ ni bàbá mi ń wò. Ìyá Àgbà wá bèèrè ohun kan ṣoṣo, ó ní iye tí òyìnbó yóò wá fún wa báyìí, ṣé yóò gbé òun dé Mẹ́kà? Mo túmọ̀ rẹ̀ fún òyìnbó, òyìnbó mi orí, ó pe iye kan. Àlhájà kan tí ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ọjà dá a lóhùn kí n tó la ẹnu, ó ní, “Èyí ò gbéèyàn dé Àkàrá.” Wọ́n ní, “Due, due,” wọ́n ní, “Sai haƙuri,” àwọn aládùúgbò ń kí wa ní ìkíni òkú, nígbà tí ó ṣe, ìyá mi gbé wààkyé tí àlejò kò jẹ wọlé. Òyìnbó lọ. N kò ní purọ́, mo kórìíra rẹ̀ títí di òní, ẹni tí ó fẹ́ràn ìdọ̀tí orí aago tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí àwọn ènìyàn tí ó dúró yí i ká.

Nígbà tí ó di ìrun ìrọ̀lẹ́, mo bu omi, mo gbé búta lọ fún Ìyá Àgbà. Ó wo búta náà. Ó pe Ṣèrífátù, ọmọ yàrá kejì, ó ní kí ó bá òun bu omi. Kò pariwo, kò ṣépè, kò fi ọwọ́ kàn mí. Láti ọjọ́ náà, Ṣèrífátù ló ń bu omi fún un. Nínú ilé, bí àwo bá fọ́, tí wọn kò mọ ẹni tó fọ́ ọ, wọ́n á ní, “Ẹ bi Mùní, ó mọ̀, kò kàn ní í sọ ni.” Bí mo bá jókòó sídìí oúnjẹ, ẹnìkan á rántí Mẹ́kà. Ìyá mi nìkan ló sọ lẹ́ẹ̀kan pé ọmọdé ni mí, àwọn ìyá ilé sì dá a lóhùn pé ọmọdé náà ló ń gbé orí ẹni lọ tà lọ́jà. Bàbá wà níbẹ̀. Ó ń ká aago ògiri. Ọdún kejì lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà kú, wọ́n fi aṣọ funfun tí ìyá mi rán sin ín pẹ̀lú àwọn mìíràn. Aago náà, Bàbá tà á fún ọkọ ìyàwó kan ní Sawaba, wọ́n ní nínú gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó náà, aago yẹn ló ń tàn jù.

Mo kúrò nílé ní kété tí mo lè kúrò. Mo lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo bímọ, mo ń fowó ránṣẹ́. Ó tó ogún ọdún kí àìsàn tó dá Bàbá dùbúlẹ̀, tí mo wá gbé e sọ́dọ̀ ara mi, nítorí iṣẹ́ mi ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń fún un lógì, mo rí i pé ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ foríjì mí nítorí ọ̀rọ̀ òyìnbó aago yẹn. Ó yẹ kí n sọ fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́.”

Ó gbé ògì náà mì. Ó ní, “Mo gbọ́ ọ.”

Mo rò pé ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ló ń wí. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá.”

“Rárá o. Lọ́jọ́ tí òyìnbó sọ ọ́ ni mo gbọ́ ọ. ‘Don tọ́ọ̀ṣì’, má fọwọ́ kàn án. Ta ló ń jókòó ní Race Course tí kò gbọ́ ‘don tọ́ọ̀ṣì’? Mo sì rí ìka rẹ̀. Mo ní n óò fi hàn án pé èmi náà mọ iṣẹ́.”

Síbí wà lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà ló ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá mi wà lọ́jà náà. Ó jókòó, ó ń ká aago, orí mi sì ń wọ́ níṣojú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Mo bi í pé, “Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n máa pè mí bẹ́ẹ̀? Ẹ dákẹ́?”

Ó ní, “Ọmọdé ni ọ́, Mùní. Wọn a máa tètè foríji ọmọdé. Èmi, ta ni ì bá foríjì mí níwájú ìyá mi?”

Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, Ìyá Àgbà ò foríjì mí títí wọ́n fi kú.”